Fífi Ebi Pa Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ: Ipa Ásípárájìnì nínú Ara àti nínú Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìfáárà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ kò ju mẹ́ta lọ. Dókítà lè fi abẹ gé kókó náà kúrò. Wọ́n lè fi ìtànṣán jó o. Wọ́n sì lè fa oògùn líle sí aláìsàn lára, oògùn tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì àrùn tí ó sì ń ba sẹ́ẹ̀lì tí ó dá ṣáṣá jẹ́ pẹ̀lú, èyí tí irun orí fi máa ń re, tí ẹnu fi máa ń bó. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ó ti ń wo àwọn ọmọdé sàn fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún báyìí. Ebi ni wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì àrùn ní ọ̀nà yìí. Oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ara yòókù a máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan báyìí kò lè gbé láìsí i. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ásípárájìnì ni orúkọ oúnjẹ náà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni àlàyé lórí ohun tí ásípárájìnì jẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì, bí àwọn onímọ̀ ṣe rí i pé àìsí rẹ̀ lè pa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àti ìdí tí ìmọ̀ yìí kò fi tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tí ó nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni a ní lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣeé fi Yorùbá sọ yóò ṣe dáadáa bí ó bá rántí iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ àwọn nǹkan inú kẹ́mísírì ni a yá wọ inú èdè. Àlàyé wọn kò nílò àyálò.

Ohun tí ásípárájìnì jẹ́

Ní ọdún 1806, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Louis-Nicolas Vauquelin àti Pierre Jean Robiquet, yọ ohun funfun kan tí ó dì bí iyọ̀ láti inú omi ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní asparagus. Ara ewébẹ̀ yìí ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Kò sí ásíìdì àmínò kankan tí ènìyàn ti yọ sọ́tọ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Asparagus kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fojú kàn án rí náà ń jẹ ásípárájìnì lójoojúmọ́, nítorí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹran, ẹja, wàrà àti ànàmọ́.

Ásíìdì àmínò ni búlọ́ọ̀kù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ purotéènì, purotéènì sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi mọ iṣan, awọ ara, àti àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń mú iṣẹ́ yá nínú ara. Ogún ni irú búlọ́ọ̀kù tí ó wà. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò ṣeé ṣe fún ara ènìyàn láti ṣẹ̀dá. Inú oúnjẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wá. Ásípárájìnì kò sí lára àwọn mẹ́sàn-án yìí. Sẹ́ẹ̀lì lè rí i gbà lọ́nà méjì: ó lè fà á wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn kọjá, ó sì lè fúnra rẹ̀ ṣe é.

Bí ó ṣe ń ṣe é rọrùn láti ṣàlàyé. Ásíìdì àmínò mìíràn wà tí ń jẹ́ ásíìdì asipátíìkì, èyí tí ó jọ ásípárájìnì bí ìbejì, àfi pé ó ṣaláìní náítírójìn kan. Ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí a ó máa pè ní aṣẹ̀dá-ásípárájìnì, yóò gba náítírójìn yìí lọ́wọ́ gulútámìnì, yóò sì so ó mọ́ ásíìdì asipátíìkì. Kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ná nínú agbára tí sẹ́ẹ̀lì tọ́jú pamọ́. Ohun tí ó kúnjú òṣùwọ̀n láti kíyè sí ni pé bí ẹ́ńsáìmù yìí kò bá sí, tàbí bí kò bá tó, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún sẹ́ẹ̀lì: kí ó máa rà á lọ́jà ẹ̀jẹ̀.

Iṣẹ́ ásípárájìnì ju ti búlọ́ọ̀kù lásán lọ. Orí rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì máa ń so okùn ṣúgà mọ́ lára ọ̀pọ̀ purotéènì kí ó tó rán wọn jáde sí ojú ara rẹ̀; purotéènì tí kò bá rí ṣúgà yìí so lè ṣàìká bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Los Angeles tún fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì a máa kó ásípárájìnì síta láti fi gba àwọn ásíìdì àmínò mìíràn wọlé, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí àwọn àgbà ń fi iṣu ṣe pàṣípààrọ̀ iyọ̀ kí owó tó dé. Bí ọjà pàṣípààrọ̀ yìí bá dúró, ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì náà yóò fà sẹ́yìn.

Ọpọlọ ni ó fi hàn jù pé àìlèṣẹ̀dá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2013, àwọn dókítà ṣàpèjúwe àrùn àbímọ́ni kan tí ó ṣọ̀wọ́n: a bí àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àbùkù nínú àbùdá tí ń darí aṣẹ̀dá-ásípárájìnì. Orí wọn kéré, wárápá ń mú wọn, ọpọlọ wọn kò dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ṣaláìní ásípárájìnì pátápátá, nítorí oúnjẹ ń gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n ògiri tí ó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kí ó tó kọjá. Ọpọlọ gbọ́dọ̀ dáná fún ara rẹ̀.

Ásípárájìnì nínú ẹ̀gẹ́

Kí a tó dé ilé-ìwòsàn, ó yẹ kí a yà sí oko ẹ̀gẹ́, nítorí kò sí àpẹẹrẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tàbí Ìlobùú lè tètè rí ju èyí lọ. Gbogbo ẹni tí ń ṣe gàrí ló mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bó o, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kí wọ́n tó yan án. Oró náà ni sáyánáìdì. Nínú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì fara pa, sáyánáìdì kò dá wà. Ó so mọ́ ṣúgà, wọ́n sì pa á mọ́ sí iyàrá tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ojú irin tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni ó ń fọ́ àwọn iyàrá náà tí ẹ́ńsáìmù fi ń bá a pàdé, tí oró fi ń tú jáde.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi olùkọ́ rẹ̀ ni pé kí ló dé tí oró yìí kò pa ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1969, F. Nartey tẹ ìwádìí jáde tí ó dáhùn apá kan ìbéèrè náà. Ó fún àwọn ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́ kéékèèké ní sáyánáìdì tí a sàmì sí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kí ó lè ṣeé tọpasẹ̀, ó sì wá ibi tí kábọ́ọ̀nù náà gbà lọ. Inú ásípárájìnì ni ó ti bá a. Ẹ̀gẹ́ máa ń so sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ tí ó bá jò jáde mọ́ ásíìdì àmínò kan tí ń jẹ́ sísítéènì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń sọ ọ́ di ásípárájìnì. Májèlé di oúnjẹ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ pé sẹ́ẹ̀lì a máa ṣẹ̀dá nǹkan, a máa lò ó, a sì máa tú u palẹ̀ láìsinmi kò nílò àwòrán láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yìnkùlé ilé-ẹ̀kọ́ tó o.

Ibòmíràn tí ásípárájìnì ti kan ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ dídín. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sweden kéde ní ọdún 2002 pé oúnjẹ onísítáàṣì tí a bá fi iná líle dín tàbí yan máa ń ní ohun kan tí ń jẹ́ akiriláámáìdì nínú, kò sì pẹ́ tí ó fi hàn pé ásípárájìnì àti ṣúgà ni wọ́n pàdé nínú iná tí wọ́n bí i. Akiriláámáìdì a máa fa jẹjẹrẹ fún eku inú yàrá ìwádìí; ti ènìyàn kò tíì fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni sá fún dòdò Ìkirè. Ìdí tí a fi mẹ́nu bà á ni pé ẹ́ńsáìmù tí àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ń pò mọ́ ìyẹ̀fun wọn láti dín akiriláámáìdì kù, irú ẹ́ńsáìmù tí dókítà ń fà sí ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ààrò

Orúkọ ẹ́ńsáìmù náà ni ásípárájínéèsì. Iṣẹ́ rẹ̀ lòdì sí ti aṣẹ̀dá: ó ń já náítírójìn kúrò lára ásípárájìnì, tí ó fi ń padà di ásíìdì asipátíìkì àti amóníà. Ní ọdún 1922, Clementi, onímọ̀ ará Ítálì, rí i pé ẹ́ńsáìmù yìí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ guinea pig, ẹranko kékeré tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tí kò sì ti ilẹ̀ Guinea wá, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa wí. Kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹranko ilé yòókù tí ó yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tí ó mọ ohun tí wọ́n lè fi ìmọ̀ náà ṣe, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1953 ni John Kidd ti ìlú New York tẹ ìwádìí kan jáde. Ohun tí ó ń wá kọ́ ni ó rí. Ó ń dán agbára àjẹsára láti ara ehoro wò lórí eku tí ó ní jẹjẹrẹ, ó sì ń pò omi tí ó máa ń dá sórí ẹ̀jẹ̀ guinea pig mọ́ ọn kí àjẹsára náà lè ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ náà rọ. Nígbà tí ó wá fún àwọn eku kan ní omi ẹ̀jẹ̀ guinea pig nìkan, láìsí ti ehoro, jẹjẹrẹ tiwọn náà rọ. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kò ṣe bẹ́ẹ̀, ti ehoro kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fi àwọn eku wọ̀nyẹn ṣe òṣùwọ̀n ni, ehoro ni ìbá gba ìyìn. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ fún olùkọ́ tí ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí tí ìwádìí kò fi gbọ́dọ̀ ṣaláìní òṣùwọ̀n ìfiwéra.

John Broome ni ó so ohun tí Clementi rí mọ́ ohun tí Kidd rí. Ní ọdún 1961, ó fi hàn pé ásípárájínéèsì ni ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú omi ẹ̀jẹ̀ náà. Ìdí tí ó fi ń pa sẹ́ẹ̀lì kan tí kì í pa òmíràn ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò kan tí ilé ogún wà. Ilé méjìdínlógún ní ààrò, wọ́n ń dáná. Wọn a máa ra oúnjẹ lọ́jà nígbà tí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọjà kò bá ná, wọn a dáná jẹ. Ilé méjì kò ní ààrò. Àràjẹ ni tiwọn láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́ tí ó ń da gbogbo oúnjẹ tí wọ́n gbé sí àtẹ nù, ilé méjì yìí ni ebi yóò pa. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní acute lymphoblastic leukaemia, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí ALL, ni ilé tí kò ní ààrò: aṣẹ̀dá-ásípárájìnì inú rẹ̀ kéré gan-an. Ásípárájínéèsì ni ẹni tí ń da oúnjẹ ọjà nù.

Ẹ̀jẹ̀ guinea pig kò lè tó fún ìtọ́jú ènìyàn, nítorí ẹranko náà kéré. Ní ọdún 1964, Mashburn àti Wriston fi hàn pé bakitéríà E. coli, tí ń gbé inú ìfun gbogbo wa, ní ásípárájínéèsì tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bakitéríà ṣeé sìn nínú agbada ńlá. Ní ọdún 1966, ìròyìn jáde nípa ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní ẹ́ńsáìmù náà, ìjọba ilẹ̀ náà sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní ọdún 1978. Kì í dá ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń lò ó pẹ̀lú àwọn oògùn mìíràn bíi fíńkírísítíìnì àti oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọ tí ó yè nínú mẹ́wàá tí ó ní ALL kò pé ẹyọ kan. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń yè. Àpapọ̀ oògùn ni ó mú èyí wá. Ásípárájínéèsì wà lára àwọn òpó rẹ̀.

Ohun tí ó ń dí oògùn náà lọ́wọ́

Àlejò ni ásípárájínéèsì nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Purotéènì bakitéríà ni, àwọn ọmọ ogun ara sì mọ ọ̀tá nígbà tí wọ́n bá rí i. Ara aláìsàn mìíràn yóò yún, èémí rẹ̀ lè há, nígbà mìíràn ara sì lè pa agbára oògùn náà láìṣe ariwo, tí dókítà yóò rò pé ìtọ́jú ń lọ bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tí ń ṣẹlẹ̀. Ó tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan, kí ẹ̀dọ̀ fara gbá, kí ẹ̀yà ara tí ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ lẹ́yìn ikùn wú. Nítorí náà, àwọn tí ó sọ pé oògùn yìí kò ní ewu nítorí pé kì í ṣe májèlé ti ṣàsọdùn.

Ẹ́ńsáìmù láti ara E. coli kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀ agbára rẹ̀ yóò ti dín kù ju ìlàjì lọ. Àwọn onímọ̀ wá fi okùn kẹ́míkà kan bò ó bí ẹni da aṣọ bo ọmọ, èyí tí ó mú kí ó pẹ́ tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó dín dé ìlàjì, tí ara kò sì tètè dá a mọ̀. Pegaspargase ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1994 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ ti E. coli, òmíràn wà láti ara bakitéríà tí ń jẹ́ Erwinia.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà kì í káwọ́ gbera. Àwọn kan nínú wọn, nígbà tí ebi bá dé, yóò jí àbùdá tí ó ti ń sùn, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ásípárájìnì fúnra wọn. Ilé tí kò ní ààrò ti mọ ààrò. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ nílò ìyẹn. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ilé-ìwòsàn St. Jude ní Memphis fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lè máa ṣe ásípárájìnì kí wọ́n sì máa bù ú fún un láti ẹ̀yìnkùlé. Ọjà ti tú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ará ilé kejì ń gbé abọ́ kọjá lórí ògiri. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àrùn yìí sì sábà máa ń sá pamọ́ sí kí ó tó padà dé.

Ìdí mìíràn tí oògùn yìí fi lè kùnà kò sí nínú ara rárá. Ní ọdún 2017, ìjọba Bùràsíìlì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ Òrìṣà Olúfọ́n títí di òní, ra irú ásípárájínéèsì kan láti òkèèrè nítorí pé owó rẹ̀ fọ́. Ilé-ìwòsàn ọmọdé Boldrini ní ìlú Campinas gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn purotéènì mìíràn tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í sára eku, kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bí èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé-ẹjọ́. Èyí yẹ ní rírò fún orílẹ̀-èdè yòówù tí ń wá oògùn olówó pọ́ọ́kú.

Èrò òdì nípa oúnjẹ

Ní ọdún 2018, ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ Gregory Hannon ní Cambridge darí jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára jẹjẹrẹ tí ń bá àwọn obìnrin Nàìjíríà jà. Nínú eku, nígbà tí wọ́n dín ásípárájìnì kù, yálà nípa oògùn tàbí nípa oúnjẹ, jẹjẹrẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tàn dé ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Kókó tí ó wà nínú ọmú fúnra rẹ̀ kò kéré sí i. Àwọn ìwé ìròyìn ayé gbé e jáde bí ẹni pé ẹni tí kò bá jẹ asparagus kò ní í ní jẹjẹrẹ. Láti ibẹ̀ ni àṣà kí wọ́n máa ní kí aláìsàn yé jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹran ti lè rí ẹsẹ̀ dúró.

Ohun tí ó lòdì sí èrò yìí ti wà nínú àlàyé tí ó ṣáájú. Ara ènìyàn ń ṣe ásípárájìnì. Bí oúnjẹ kò bá gbé e wọlé, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn yóò ṣe é sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí ń da gbogbo rẹ̀ nù láìdáwọ́ dúró ni ó lè gbẹ ọjà náà. Àwẹ̀ kò lè ṣe é. Ọmọ tí jẹjẹrẹ ń bá jà tí wọ́n wá fi ẹ̀wà àti ẹyin dù yóò rù, oògùn yóò sì nira fún un láti gbà. Iṣẹ́ eku ni iṣẹ́ eku. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú nípa ọ̀nà yìí kò tíì di ohun tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn.

Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìfọ́n

Nígbà tí ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1957, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, jẹjẹrẹ tí ó gbalẹ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé ni èyí tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní ọdún 1958, tí ó máa ń wú àgbọ̀n ọmọ. Oògùn kan tí owó rẹ̀ kò ga lè yọ́ irú kókó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. ALL kò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn, tí C.K.O. Williams wà lára wọn, kíyè sí i ní àwọn ọdún 1980 pé ALL tí ó sábà máa ń mú ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbí, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àyíká àti ipò ìgbé-ayé. Ó tún ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun ni ó ń wo ojú ọmọ lójoojúmọ́. Àmì ALL ni ibà tí kò lọ bí wọ́n ti lo oògùn ibà tó, ojú àti àtẹ́lẹwọ́ tí ó funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń ti imú tàbí èrìgì jáde, àpá dúdú lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lu ọmọ náà, egungun ríro tí ó ń mú un tiro, àti kókó lọ́rùn tàbí lábíyá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àrùn mìíràn kò lè fà. Ibà lè fà á, àrùn fọ̀níkúfọ̀larùn náà sì lè mú kí egungun máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n bí méjì tàbí mẹ́ta bá pé jọ tí wọn kò sì lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó kàn. Kì í ṣe àkókò láti máa bi ara ẹni bóyá àbíkú ni ọmọ náà.

Ọmọ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ ni wọn yóò gbé e lọ. Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn nígbà kan rí bí nǹkan ṣe lè rí nígbà tí oògùn bá wà. Ní ọdún 2003, lábẹ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation gbé kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAUTHC bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó ní irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́, ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́. Káàkiri Nàìjíríà ni àwọn aláìsàn ti wá síbẹ̀ nígbà náà. Oògùn oníhóró ni Glivec. Aláìsàn lè dì í sápò kí ó sì máa lò ó nílé.

Ásípárájínéèsì kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni. Inú ẹ̀rọ amómitutù ni ó gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí iná ṣe ń ṣẹ́jú ní Nàìjíríà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó sì ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìtọ́jú ALL a máa gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí ibà bá ti lọ tí ara ọmọ sì yá lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, àwọn kan a rò pé ó parí, wọn a sì gbé ọmọ lọ sílé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn egungun kò tíì kú nígbà náà.

Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà kò jókòó. Ní ọdún 2021, àwọn kan ní Yunifásítì Kàlàbá tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí wọ́n ṣe lè mú kí olú kékeré kan tí kò ṣeé fi ojú lásán rí, Aspergillus candidus, pèsè ásípárájínéèsì lọ́pọ̀ yanturu. Láti inú ìgò yàrá ìwádìí dé inú abẹ́rẹ́ tí àjọ NAFDAC lè fọwọ́ sí, ọ̀nà jìn, owó ńlá ni ó sì ń gbà. Àjọ ìlera àgbáyé WHO fi pegaspargase kún àkọsílẹ̀ àwọn oògùn kòṣeémánìí ní ọdún 2019. Ní ìparí ọdún 2021, àjọ náà àti ilé-ìwòsàn St. Jude kéde ètò kan tí yóò máa ra oògùn jẹjẹrẹ ọmọdé tí ó dára fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Zambia sì wà lára wọn. Ní Gánà, láti ọdún 2022, ètò adójútòfò ìlera ti ń san owó ìtọ́jú irú jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin, tí ALL jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.